Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Kan Súkúrù: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Gíà Kẹ̀kẹ́ Tí Kì í Wọlé Dáadáa

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ tẹ̀lé ọmọ yín wá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gun kẹ̀kẹ́ wá nínú oòrùn yìí, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ̀yin mẹkáníìkì tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa kí ẹ lè wá síbí, ọwọ́ yín ò ní rọ o.

Ọ̀rọ̀ gíà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ní kí n wá sọ. Ẹ yí gíà, kò dáhùn. Ẹ tún un yí, ó fo àwo méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dé ẹsẹ̀ òkè, ṣéènì ń ké, ó ń fò, ẹsẹ̀ yín fẹ́ yọ lórí pẹ́dà. Kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe? Sukudiráfà la máa ń wá. A á rí súkúrù kékeré méjì lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, a á bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn, èyí sọ́tùn-ún, èyí sósì, títí gíà tó ń ṣe wàhálà díẹ̀ á fi kọṣẹ́ pátápátá.

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gíà. Ariwo tí wáyà tó ti dógùn-ún ń mú wá, òun náà ni irin tó tẹ̀ ń mú wá, òun náà ni ṣéènì tó ti jẹ ń mú wá. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo wá tẹnu mọ́ lónìí: súkúrù ló gbẹ̀yìn. Súkúrù kì í dédé yí ara rẹ̀. Bí gíà bá ń wọlé dáadáa lóṣù tó kọjá, tí kò wọlé mọ́ lónìí, tí ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan súkúrù, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni súkúrù ṣẹ̀?

Kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń ṣàpẹẹrẹ ni èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ wa: tòkunbọ̀ onígíà, àwo eléyín 3 níwájú, 6, 7 tàbí 8 lẹ́yìn, tí wọ́n kọ Shimano Tourney sí lára tàbí nǹkan tó jọ ọ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá yí gíà?

Ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí orúkọ ná. Àwọn àwo eléyín tó tò jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, òun ni fíríwíìlì tàbí kásẹ́ẹ̀tì. Irin tó rọ̀ sábẹ́ wọn, tó ní róla oníke kékeré méjì tí ṣéènì ń gbà kọjá, màá máa pè é ní apá gíà. Ibi tí ẹ ń tẹ̀ tàbí tí ẹ ń lọ́ lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni ìyígíà. Wáyà tín-ín-rín ló so méjèèjì pọ̀, ó sì ń rìn nínú rọ́bà dúdú.

Nínú apá gíà, sípíríǹgì wà tó ń fà á síta, sápá àwo kékeré. Wáyà ló ń fà á sínú, sápá àwo ńlá. Kò sí ohun mìíràn tó ń gbé e. Nígbà tí ẹ bá ń lọ sí àwo ńlá, agbára ọwọ́ yín ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń padà sí àwo kékeré, sípíríǹgì nìkan ló kù, agbára rẹ̀ kò sì tó ti ọwọ́ yín. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Kó tó di ọdún 1984, lórí ọ̀pọ̀ jù lọ kẹ̀kẹ́, ẹni tó ń gùn ún ló ń fi etí àti ọwọ́ wá ibi tí ṣéènì máa jókòó sí. Lọ́dún yẹn ni ilé iṣẹ́ Shimano ní Japan gbé ètò tí wọ́n pè ní SIS jáde lórí Dura-Ace, ìyẹn gíà kẹ̀kẹ́ eré ìje wọn. Ìyígíà wá ń dún kláák, kláák kọ̀ọ̀kan sì ń fa wáyà ní ìwọ̀n kan pàtó. Lórí kẹ̀kẹ́ alàwo 8, kláák kan ń fa wáyà ní nǹkan bí 2.8 mm. Apá gíà máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po 1.7, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4.8 mm. Ìwọ̀n tó wà láàrin àwo kan àti èkejì náà nìyẹn. Ṣé ẹ rí i bó ṣe bára mu?

Ẹ wá wo ohun tó lè bà á jẹ́. Bí wáyà bá dẹ̀ ní ìdajì mìlímítà péré, apá gíà á ṣìṣe ní nǹkan bíi mìlímítà kan. Ṣéènì ò ní mọ̀ bóyá kó gùn tàbí kó dúró. Ìdajì mìlímítà! Ìdí nìyẹn tí ohun tí ojú ò tiẹ̀ rí fi lè da gíà rú, ìdí náà sì nìyẹn tí kì í fi í ṣe ohun tí a ń fi ìbínú tún ṣe.

Ẹ fetí sí i kí ẹ tó tú u

Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Àwọn kan máa ń dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó máa ń tẹ wáyà tó wà níwájú, ọ̀tún àti òsì á sì máa da èèyàn láàmú. Ó sàn kí ẹ fi okùn so sàdúlù rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi tàbí igi àjà, kí kẹ̀kẹ́ wà bí ẹ ṣe ń gùn ún. Ẹ fọwọ́ yí pẹ́dà, ẹ yí gíà ní kọ̀ọ̀kan, ní àlọ àti ní àbọ̀. Ẹ má kánjú.

Bí ó bá ń lọ́ra láti gun àwo ńlá, ṣùgbọ́n tó ń yára padà sí kékeré, wáyà ló dẹ̀. Ìyẹn rọrùn, ìṣẹ́jú méjì la máa fi tún un ṣe.

Bí ó bá ń gun àwo ńlá dáadáa, àmọ́ tó ń lọ́ra láti padà ńkọ́? Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ á ní wáyà ló le jù, wọ́n á dẹ̀ ẹ́. Ó padà dáadáa báyìí, àmọ́ kò gùn mọ́. Wọ́n á tún un le. Ó gùn, kò padà mọ́. Ọjọ́ á ṣú lé wọn lórí níbẹ̀. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn: sípíríǹgì nìkan ló ń fà á padà. Bí ìdọ̀tí tàbí ògùn-ún bá di wáyà mú nínú rọ́bà, ọwọ́ yín á borí rẹ̀ ní àlọ, sípíríǹgì ò ní lè borí rẹ̀ ní àbọ̀. Nígbàkigbà tí àtúnṣe ẹ̀gbẹ́ kan bá ń ba ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Yálà wáyà ti há, tàbí irin ti tẹ̀.

Bí gíà bá ń wọlé dáadáa lórí okùn, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà tagbára-tagbára lójú ọ̀nà ni ṣéènì ń fò, tí ìyígíà ò sì dún rárá, ẹ lọ wo ṣéènì àti eyín. Bó bá jẹ́ pé ó ń fò ní déédéé, lẹ́yìn iye ìgbà kan náà tí pẹ́dà yí, ojúkò ṣéènì kan ló ti gan. Ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kí ẹ máa wo róla ìsàlẹ̀: ibi tó gan kò ní tẹ̀ bó bá dé ibẹ̀, ẹ ó rí i tó máa ta sókè. Ẹ kán òróró sí i, kí ẹ fọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì títí á fi rọ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé àwo tó tóbi jù níwájú àti èyí tó tóbi jù lẹ́yìn ni ẹ lò pọ̀, ariwo yẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣéènì ti dábùú jù ni. Ẹ má lò wọ́n pọ̀.

Ṣéènì àti ohun tí a ń dà lé e

Ẹ mú rúlà. Ẹ wọ̀n ṣéènì láti àárín píìnì kan lọ dé píìnì kẹrìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀. Bí ṣéènì bá ṣì tuntun, ínṣì 12 géérégé ni, ìyẹn nǹkan bí 305 mm. Bó bá ti fi bíi 1.5 mm lé e, ẹ pààrọ̀ ṣéènì. Bó bá ti fi 3 mm lé e, ó ti jẹ eyín àwọn àwo náà, bí ẹ bá sì fi ṣéènì tuntun sórí àwo tó ti jẹ, fífò ló máa fò. Ẹ ó pààrọ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá tètè pààrọ̀ ṣéènì kò ní tètè ra fíríwíìlì.

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lórí èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú sórí ṣéènì kẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ọkọ̀. Ó kún fún ẹ̀tù irin, ó sì ki. Eruku ọyẹ́ àti eruku ilẹ̀ pupa wa á lẹ̀ mọ́ ọn, ó máa di ẹrẹ̀ dúdú tó ń ha irin bí ẹ ṣe ń wà á. Ẹ fi àkísà àti kẹrosíìnì díẹ̀ nu ṣéènì, ẹ má jẹ́ kó ṣàn wọ họ́ọ̀bù (irin àárín táyà), ẹ má sì lo pẹtiróòlù nítorí iná. Bó bá gbẹ, ẹ kán òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojúkò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan péré, láti inú. Bí ẹ ò bá rí òróró kẹ̀kẹ́ rà, òróró máṣíìnì ìránṣọ á ṣe é, àmọ́ ẹ ó máa tún un kán lemọ́lemọ́. Ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ nu gbogbo èyí tó wà níta kúrò. Òróró tó wà nínú ló ń ṣiṣẹ́, ti ìta ń pe eruku ni.

Etí irin tí ẹnikẹ́ni kì í wò

Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí apá gíà so mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn. Etí ni mo máa ń pè é. Wọ́n dìídì ṣe é kó tètè tẹ̀, kí férémù má baà kán. Kẹ̀kẹ́ ṣubú sápá ọ̀tún, ó tẹ̀. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ míì lé e nínú kọ̀ntẹ́nà láti òkè òkun, ó tẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Báwo la ṣe ń wò ó? Ẹ lọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹ lóṣòó kí ojú yín bá róla méjèèjì dọ́gba. Róla òkè àti ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan tó wálẹ̀ tààrà lábẹ́ àwo tí ṣéènì wà. Bí ti ìsàlẹ̀ bá yà sínú, sápá sípóòkù, etí ti tẹ̀. Kò sí wáyà tuntun tó máa tún ìyẹn ṣe. Ewu sì wà níbẹ̀: lórí àwo tó tóbi jù, apá gíà lè wọ inú sípóòkù nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń sáré. Á kán, á fa sípóòkù já, á sì lè gbé ẹni tó wà lórí rẹ̀ ṣánlẹ̀.

Àwọn mẹkáníìkì ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń nà án. Ẹ lè fi táyà ẹ̀yìn míì ṣe é nílé. Ojú ihò etí yẹn jẹ́ 10 mm, àlàfo láàrin ìlà súkúrù kan àti èkejì nínú rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà kan, bákan náà pẹ̀lú ọ̀pá táyà ẹ̀yìn oní-kíwíkì, ìyẹn èyí tí a ń fọwọ́ tú láì lo sípánà. Ẹ tú apá gíà kúrò, ẹ yí ọ̀pá táyà kejì yẹn wọ ihò náà, táyà méjèèjì á wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ wọ̀n àlàfo tó wà láàrin ríìmù méjèèjì: lókè, nísàlẹ̀, níwájú, lẹ́yìn. Ìyàtọ̀ wọn ò gbọ́dọ̀ ju 3 sí 4 mm lọ. Ẹ fi táyà kejì yẹn tẹ etí padà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá táyà onínọ́ọ̀tì lè ní ìwọ̀n míì; bí kò bá fọwọ́ wọlé wẹ́rẹ́, ẹ má fi sípánà fi í. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Etí onírin líle gbà kí a nà án. Ti alumíníọ̀mù lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín tó là lára rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Wáyà, wáyà, wáyà

Bí mo bá ní kí n mú ibì kan ṣoṣo sọ lónìí, ibí yìí ni mo máa mú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lóde, rọ́bà ń dán. Nínú rẹ̀, omi òjò ọdún tó kọjá ti jẹ wáyà.

Ọgbọ́n kan rèé tí kò gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ gbé ṣéènì sórí àwo tó tóbi jù lẹ́yìn. Ẹ dá pẹ́dà dúró. Láì yí pẹ́dà, ẹ tẹ ìyígíà padà dé ti àwo tó kéré jù. Ṣéènì ò ní kúrò níbi tó wà, àmọ́ wáyà á dẹ̀ gan-an. Ẹ lè fa rọ́bà yọ báyìí kúrò nínú ihò tó jókòó sí lára férémù, bí ihò náà bá là lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ti rọ́bà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo wáyà tó farapamọ́. Bó bá dán, ẹ nù ún, ẹ kán òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ tì í padà. Bó bá pupa, tó há, tàbí tí òwú rẹ̀ kan ti já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ibi méjì ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́: rọ́bà kúkúrú tó tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, nítorí omi ń dúró síbẹ̀, àti orí wáyà nínú ìyígíà, níbi tó ti ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Bí ẹ bá ń ra òmíràn, wáyà gíà nípọn tó 1.1 sí 1.2 mm. Ti bíréèkì máa ń tó 1.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí rẹ̀ sì tóbi. Kò ní wọlé. Ẹ ṣọ́ra fún rọ́bà. Ẹ wo inú rọ́bà bíréèkì níbi tí wọ́n ti gé e: irin inú rẹ̀ lọ́ yíká. Ti gíà, irin tín-ín-rín lọ gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá fi rọ́bà bíréèkì ṣe ti gíà, á máa sún kì bí ẹ bá fa wáyà, ìdajì mìlímítà wa yẹn á sì lọ. Bí ẹ bá fi rọ́bà gíà ṣe ti bíréèkì, ìyẹn burú jáì, torí ó lè bẹ́ nígbà tí ẹ fún bíréèkì mú gírígírí, kẹ̀kẹ́ ò ní dúró. Ẹ má ṣe é láé.

Ẹ gé rọ́bà kí ẹnu rẹ̀ dọ́gba, ẹ fi fáìlì ra á, ẹ fi abẹ́rẹ́ ṣí ike inú rẹ̀ tó máa ń pa pọ̀ nígbà tí a bá gé e, ẹ sì fi fìlà kékeré rẹ̀ dé e. Ẹni tí kò bá fi abẹ́rẹ́ ṣí i ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ìhá tuntun sílẹ̀.

Ìyígíà alára ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ tó ti wà nípamọ́ fún ọdún púpọ̀, gíríìsì inú rẹ̀ máa ń gan. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò mú nǹkan kan, ọwọ́ yín ń lọ lásán. Ẹ má tú u, sípíríǹgì inú rẹ̀ á fò jáde. Ẹ kán kẹrosíìnì díẹ̀ wọlé, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bó bá ti gbẹ, ẹ kán òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i.

Ó kan súkúrù báyìí

Bí gbogbo èyí bá ti dára, ẹ lè mú sukudiráfà. Súkúrù kékeré méjì tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, H ni wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, L sí ẹ̀gbẹ́ èkejì. Súkúrù H ń dá apá gíà dúró lẹ́bàá àwo kékeré, súkúrù L ń dá a dúró lẹ́bàá àwo ńlá kó má baà wọ sípóòkù. Ààlà ni wọ́n. Wọn ò ní iṣẹ́ kankan lórí àwọn àwo àárín. Ẹni tó ń yí H nítorí pé gíà kẹrin ń ké ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ gbé ìyígíà sí àwo tó kéré jù, ẹ tú bóòtù tó di wáyà mú; álẹ́ń kí 5 mm ni, tàbí sípánà 9 mm lórí àwọn kan. Láti ẹ̀yìn, ẹ yí H títí róla òkè á fi wà lábẹ́ etí òde àwo tó kéré jù. Ẹ máa yí pẹ́dà, kí ẹ fọwọ́ ti apá gíà dé àwo tó tóbi jù, kí ẹ yí L títí ṣéènì á fi gùn ún wẹ́rẹ́ láìkọjá rẹ̀. Bí ẹ bá tì í tagbára-tagbára, kò gbọ́dọ̀ lè kọjá.

Ẹ wá ìdè kékeré tí a ń fọwọ́ yí, níbi tí wáyà ti wọ apá gíà tàbí níbi ìyígíà. Ẹ yí i wọlé tán, kí ẹ tú u padà ní ìyípo kan sí méjì, kí ààyè lè wà. Ẹ fọwọ́ fa wáyà kó le, ẹ jẹ́ kó jókòó sínú ojú ọ̀nà rẹ̀ lábẹ́ bóòtù, ẹ di bóòtù.

Ẹ tẹ kláák kan. Ṣéènì gbọ́dọ̀ gun àwo kejì. Bí kò bá gùn ún, ẹ yí ìdè yẹn bí ẹni ń tú nọ́ọ̀tì, ìdajì ìyípo, wáyà á le. Bó bá fò dé ìkẹta, ẹ yí i bí ẹni ń di nọ́ọ̀tì. Ìyípo kan máa ń fa wáyà ní nǹkan bí 0.8 mm, nítorí náà ìdá mẹ́rin ìyípo ti pọ̀ tó láti gbọ́ ìyàtọ̀. Bó bá ti wà lórí ìkejì, ẹ máa le e díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ tí ṣéènì bẹ̀rẹ̀ sí í ha àwo ìkẹta. Ẹ wá dẹ̀ ẹ́ títí ariwo yẹn á fi dákẹ́. Ó ti tó. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró.

Súkúrù kẹta, tó wà lẹ́yìn níbi tí apá gíà so mọ́, ló ń sún róla òkè mọ́ àwo tàbí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lórí àwo tó tóbi jù, ẹ fi nǹkan bíi 5 sí 6 mm sílẹ̀ láàrin eyín róla àti eyín àwo. Bó bá kàn án, á máa ké. Bó bá jìnnà jù, gíà á máa lọ́ra.

Ti iwájú ò pọ̀. Irin tó ń ti ṣéènì níwájú gbọ́dọ̀ bá àwo iwájú lọ gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láì dábùú, kí àlàfo 1 sí 3 mm wà láàrin rẹ̀ àti eyín àwo tó tóbi jù. Bí èyí bá tọ́ tí wáyà sì ń rìn, súkúrù rẹ̀ kì í yọ èèyàn lẹ́nu.

Bó bá jẹ́ wáyà tuntun ni ẹ fi sí i, ẹ gé e ku 3 sí 4 cm, ẹ fi fìlà rẹ̀ dé ẹnu rẹ̀ kó má baà tú. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí òkè wà, kí ẹ yí gíà gbogbo nígbà tí ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, rọ́bà àti wáyà á jókòó dáadáa, wáyà á dẹ̀ díẹ̀, gíà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra láti gun àwo ńlá. Ẹ má pe mẹkáníìkì, ẹ má wá sukudiráfà. Ìdá mẹ́rin ìyípo lára ìdè tí a ń fọwọ́ yí, bí ẹni ń tú nọ́ọ̀tì, ló máa yanjú rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá, ẹ tì í bọ̀ níwájú, okùn wà lórí igi níbí, ká bẹ̀rẹ̀.